Obìnrin Tí Ó Pa Ààlà Fún Agbára: Ìgbésí Ayé Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti

Kò sí ìlú tí ó lè dàgbà láìsí owó, kò sì sí ẹgbẹ́ tí ó lè dúró láìsí òfin. Ṣùgbọ́n níbo ni agbára ìlú lórí ọmọ ìlú gbọdọ̀ pin sí? Nítorí ìbéèrè yìí ni a ṣe yan ìtàn obìnrin yìí fún ìwé ẹgbẹ́ wa.

Abẹ́òkúta ni a bí i sí ní ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá, ọdún 1900. Ní 1914 ó wà lára àwọn ọmọbìnrin àkọ́kọ́ tí ó wọ Abẹ́òkúta Grammar School. Ó lọ kàwé ní Ìlú Ọba ní 1919. Nígbà tí ó padà dé ní 1922, ó ti pa orúkọ Frances Abigail tì. Ní 1925 ó di aya Àlùfáà Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kuti, olùkọ́ bíi tirẹ̀.

Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọ̀làjú ni ó kọ́kọ́ dá sílẹ̀. Nígbà tí àwọn obìnrin ọjà darapọ̀ mọ́ wọn ní 1944 láti kọ́ ìwé kíkà, ó gbọ́ ohun tí ojú wọn ń rí. Àwọn aláṣẹ ń gbẹ́sẹ̀ lé ìrẹsì wọn. Ọmọbìnrin ń san owó orí láti ọmọ ọdún 15, ọmọkùnrin láti 16. Aya sì ń san tirẹ̀ lọ́tọ̀ sí ti ọkọ. Àwọn obìnrin fẹ̀sùn kan àwọn agbowó orí pé wọ́n ń bọ́ aṣọ lára ọmọbìnrin láti wò bóyá ó ti tó san án. Síbẹ̀, kò sí obìnrin kankan nínú ìgbìmọ̀ tí ń ná owó náà.

Ní 1946 ẹgbẹ́ náà di Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta. Wọ́n kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ títí. Nígbà tí ẹ̀bẹ̀ kò ràn án, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn lọ sùn síwájú ààfin Aké ní ìparí oṣù kọkànlá 1947. Aya àlùfáà náà pẹ̀lú kọ̀, kò san owó orí. Ní oṣù kìíní 1949, Aláké, Ọba Adémọ́lá Kejì, fi ìtẹ́ sílẹ̀. A mú owó orí náà kúrò lọ́rùn obìnrin, obìnrin sì wọ ìgbìmọ̀. Ọba padà dé ní òpin 1950. Oyè kò parun; ààlà ni a pa fún un.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọba nìkan ni agbára lè pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ jù. Lẹ́yìn ìrìn-àjò rẹ̀ sí Ṣáínà, ìjọba tí Balewa jẹ́ olórí rẹ̀ kọ̀ láti sọ ìwé ìrìnnà rẹ̀ dọ̀tun. Ní ọjọ́ 18 oṣù kejì 1977, àwọn ọmọ-ogun ya wọ ilé Fẹlá ọmọ rẹ̀ ní Èkó, wọ́n sì ti ìyá arúgbó náà jáde láti ojú fèrèsé òkè. Ó kú ní ọjọ́ 13 oṣù kẹrin 1978.

Ẹ̀yin ará Oríòkè-Ìwàmímọ́, okun ń jẹ ilẹ̀ ní etíkun wa. Kò sí ẹni tí ó lè dá a dúró ní òun nìkan. Nítorí náà ni a ṣe ń dá owó. Ṣùgbọ́n obìnrin tí ó fi èéfín ẹja ra ojú rẹ̀ kí ó tó rí owó náà san ní ẹ̀tọ́ láti jókòó níbi tí a ti ń ṣírò rẹ̀. Ní ìpàdé ọdọọdún wa, kí a tó ka iye owó tí ó wọlé, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ka iye obìnrin tí ó wà nínú ìgbìmọ̀ wa.