Huxley àti ẹyẹ ọdún 1861

Lọ́dún 1861 tí Dòsùnmú, ọba Ìga Ìdúngànràn, tọwọ́ bọ ìwé tó fi Èkó lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́, ni wọ́n rí egungun ẹyẹ kan nínú òkúta ní Solnhofen, Jámánì. Ó ní ìyẹ́ bí ẹyẹ, ó ní ìrù elégungun bí aláǹgbá. London rà á pa mọ́.

Thomas Henry Huxley, tí wọ́n bí lọ́dún 1825, kò lò ju nǹkan bí ọdún méjì lọ nílé ìwé ní kékeré. Síbẹ̀, nígbà tó yẹ egungun náà wò, ó rí i pé ọ̀gá àgbà, Richard Owen, ti pe ẹsẹ̀ òsì ní ọ̀tún. Lọ́dún 1868, ó ní mọ̀lẹ́bí dinosaur ni ẹyẹ tó ń fò lókè. Ọ̀pọ̀ ò gbà. Ó kú lọ́dún 1895. Ọdún 1996 ni dinosaur tó ní hùùhù lára jáde ní Ṣáínà.

Ṣé ẹ rí i, Dòsùnmú náà ti kú kí ilé ẹjọ́ London tó sọ lọ́dún 1921, nínú ẹjọ́ Amodu Tijani, Olóyè Olúwa, pé ìwé 1861 yẹn ò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ni ín.

Ẹ̀rí ló gbèjà ọ̀rọ̀ méjèèjì. Ẹ̀yin ará Ìsàlẹ̀ Èkó, níbo lẹ kó ìwé ilẹ̀ yín sí?