Muhammad al-Kishnawi, Onímọ̀ Òǹkà láti Katsina

Ọ̀nà jìn láti Shango ní Minna dé Katsina, ṣùgbọ́n ìrìn Muhammad al-Kishnawi ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ Fúlàní ilẹ̀ Katsina ni, ó sì ti kàwé jinlẹ̀ kí ó tó kọrí sí Mẹ́kà fún Hájì ní nǹkan bí ọdún 1730. Lẹ́yìn náà ni ó fi Káírò ní Íjíbítì ṣe ibùgbé.

Ní ọdún 1732 ó kọ ìwé kan ní èdè Lárúbáwá lórí bí a ṣe ń to òǹkà sí ojú ilé onígun mẹ́rin, tí àròpọ̀ ìlà gbogbo yóò fi dọ́gba. Bí a bá kọ 2, 7, 6 sí ìlà kìn-ín-ní, 9, 5, 1 sí ìkejì, 4, 3, 8 sí ìkẹta, ìbáà ṣe ní ìbú, ní òòró tàbí láti igun dé igun, 15 ni yóò jẹ́. Al-Kishnawi ṣe é dé ilé tí ó ní ojú 11 ní ìbú àti ní òòró. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, tí a bá lo òǹkà 1 dé 121, àròpọ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ 671.

Àlejò ni ní Káírò, síbẹ̀ ó di olùkọ́ fún Hasan al-Jabarti, ọ̀mọ̀wé ìlú náà. Ibẹ̀ ni ó kú sí ní ọdún 1741, kò padà sílé mọ́. Ọmọ Hasan, Abd al-Rahman, gbajúmọ̀ òpìtàn, ni ó kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀. Al-Kishnawi túmọ̀ sí ará Katsina: ìlú tí ó fi sílẹ̀ náà ni ayé fi ń pè é títí di òní.