Ta ni James Aggrey, olùkọ́ ọmọ Gold Coast tó kú kó tó parí ìwé rẹ̀?

Nígbà tí wọ́n ṣí iléèwé gíga tó di fásitì KNUST lónìí ní Kumasi, lọ́jọ́ 22 oṣù Kínní ọdún 1952, kì í ṣe ẹnjiníà ni igba akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó fẹ́ di olùkọ́ ni wọ́n, Achimota ni wọ́n sì ti kó wọn wá.

Ọ̀kan lára àwọn tó fìdí Achimota múlẹ̀ kò sí láyé mọ́ lọ́jọ́ náà. James Emman Kwegyir Aggrey lorúkọ rẹ̀.

Láti Anomabo dé New York

Ọdún 1875 ni wọ́n bí Aggrey sí Anomabo, ìlú àwọn Fante létí òkun. Ọ̀dọ̀ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ló ti kàwé, tó sì ti di olùkọ́.

Ní 1898, ó gba Amẹ́ríkà lọ. Ó gboyè ní Livingstone College, North Carolina, ní 1902, ó sì dúró síbẹ̀ láti máa kọ́ni.

Àmọ́ kò jókòó lé oyè yìí. Ó tún lọ sí fásitì Columbia láti kọ́ nípa ìgbé ayé àwùjọ àti bí ọpọlọ èèyàn ṣe ń ṣiṣẹ́. Lásìkò náà, Edward Thorndike, tó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi sáyẹ́ǹsì wádìí bí èèyàn ṣe ń kẹ́kọ̀ọ́, ń kọ́ni níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó dá awuyewuye sílẹ̀

Ní 1920, àjọ Phelps-Stokes rán ìgbìmọ̀ kan wá wo ẹ̀kọ́ ní Áfíríkà. Aggrey nìkan ni ọmọ Áfíríkà nínú wọn. Wọ́n dé Nàìjíríà náà.

Ìgbìmọ̀ yìí dábàá pé kí ẹ̀kọ́ bá ìgbé ayé ọmọ mu: iṣẹ́ oko, ìlera, àti èdè abínibí fún àwọn ọmọdé. Ọ̀pọ̀ ọmọ Áfíríkà fura sí i, pé ọgbọ́n òyìnbó ni láti má jẹ́ kí ọmọ wọn ga. Àárín méjì yìí ni Aggrey wà. Àwọn kan tilẹ̀ ní ó ń gbè sẹ́yìn òyìnbó jù.

Achimota

Ní 1924, Gómìnà Guggisberg mú un wá sí Achimota, pẹ̀lú Alek Fraser tó jẹ́ ọ̀gá iléèwé. Aggrey ló tẹnu mọ́ ọn pé àwọn obìnrin náà gbọ́dọ̀ wọlé. Kwame Nkrumah wà lára àwọn tó gba ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ níbẹ̀.

Wọ́n ṣí Achimota ní oṣù Kínní ọdún 1927. Lọ́dún yẹn kan náà, Aggrey padà sí Amẹ́ríkà láti kọ ìwé oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀. Àìsàn dé, ó sì kú ní New York lọ́jọ́ 30 oṣù Keje. Ẹni ọdún 51 ni. Ìwé náà kò parí.

Awuyewuye náà kò tíì parí títí di òní. Ní 2022, ìjọba Nàìjíríà ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ aláàkọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 2025, ìjọba fagi lé e.