Muhammad Bello, Ẹni Tó Tẹ Sókótó Dó

Gbogbo wa la mọ òwe tó ní ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà. Àmọ́ lóṣù yìí, ẹ jẹ́ ká lọ sí Sókótó lóòótọ́. Ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ lórí bí àgbẹ̀ àti darandaran ṣe lè jọ jẹ nínú ilẹ̀ kan, ìtàn ẹni tó tẹ ìlú náà dó ló sì máa mú wa débẹ̀.

Ọdún 1781 ni wọ́n bí Muhammad Bello. Bàbá rẹ̀ ni Ṣéhù Usman dan Fodio, àlùfáà Fúlàní tó ń wàásù nílẹ̀ Gobir. Ìdí ìwé ni Bello dàgbà sí. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, Nana Asma'u, náà di akéwì àti olùkọ́ àwọn obìnrin. Ní 1804, aáwọ̀ àárín Ṣéhù àti ọba Gobir di ogun. Bello di ọ̀kan nínú àwọn balógun bàbá rẹ̀, ó sì wà níwájú nígbà tí wọ́n ṣẹ́gun Alkalawa, olú-ìlú Gobir, ní 1808.

Ní 1809 ló tẹ Sókótó dó, lórí ilẹ̀ gíga níbi tí odò Sókótó àti odò Rima ti pàdé. Ibùdó ogun ló kọ́kọ́ jẹ́, ṣùgbọ́n ibẹ̀ dára fún oko náà. Òjò oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin péré ló ń rọ̀ lágbègbè yẹn lọ́dún. Lórí ilẹ̀ gíga, jéró, ọkà bàbà àti ẹ̀wà ni wọ́n ń gbìn. Nísàlẹ̀, lẹ́bàá odò, ni àkùrọ̀ wà, èyí tí Haúsá ń pè ní fadama. Ìrẹsì ń ṣe dáadáa níbẹ̀ nígbà tí omi bá kún. Tí omi bá fà, àlùbọ́sà ló kàn.

Ṣéhù kú ní 1817, Bello sì gba ipò bàbá rẹ̀. Ìṣòro kan dojú kọ ọ́: darandaran ni púpọ̀ nínú àwọn Fúlàní tó wà lẹ́yìn rẹ̀, wọn kì í gbé ojú kan. Bello rọ̀ wọ́n kí wọ́n máa gbé ìlú, kí wọ́n dáko, kí àwọn ọmọ wọn sì kàwé. Ó kọ́ àwọn ìlú olódi sí ààlà, pẹ̀lú mọ́sáláṣí àti ilé-kéwú nínú wọn. Wurno jẹ́ ọ̀kan.

Báwo wá ni oko àti ẹran ṣe ń bá ara wọn gbé? Lẹ́yìn ìkórè, àgbẹ̀ á jẹ́ kí màlúù wọ oko wá jẹ pòròpórò jéró. Ibi tí wọ́n bá sùn sí, ìgbẹ́ wọn á di ajílẹ̀. Àgbẹ̀ á fún darandaran ní ọkà. Tí òjò bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, darandaran á kó ẹran rẹ̀ jìnnà kí irúgbìn tó hù. Igi kan tún wà tí wọ́n ń pè ní gawo. Ewé tiẹ̀ ń wọ́ lásìkò òjò, torí náà kì í ṣíji bo jéró. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló ń rúwé, ẹran á sinmi lábẹ́ rẹ̀, wọ́n á sì jẹ èso rẹ̀. Ewúrẹ́ pupa Sókótó náà ńkọ́? Èso igi bagaruwa ni wọ́n fi ń ṣe awọ rẹ̀. Awọ yìí ń la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá, àwọn ará Yúróòpù sì ń rà á bí awọ Mòrókò!

Bello kọ́ ló dá àṣà yìí sílẹ̀, ó ti wà kó tó dé. Ìlú àti odi ni Bello fi kún un.

Ká má purọ́ fúnra wa: ẹrú tí wọ́n kó lójú ogun ló ń ro ọ̀pọ̀ nínú àwọn oko ńlá tó yí Sókótó ká. Nígbà ayé Bello náà ni Ìlọrin bọ́ sọ́wọ́ àwọn Fúlàní, tí ogun sì ń ba ilẹ̀ Ọ̀yọ́ jẹ́. Àwa ọmọ Yorùbá kò lè ka ìtàn rẹ̀ bí ẹni pé kò kàn wá. Ó tiẹ̀ kọ̀wé nípa wa: Àlùfáà Samuel Johnson mẹ́nu ba ohun tí Bello kọ nípa orírun Yorùbá nínú ìwé ìtàn rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló yẹ ká gbà gbọ́. Hugh Clapperton, ará Scotland, bẹ Bello wò ní 1824. Ó tún gba Àgbádárìgì àti Ọ̀yọ́ Ilé kọjá lọ bá a ní 1826, ẹ̀bá Sókótó náà ló sì kú sí lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Bello fúnra rẹ̀ kú sí Wurno ní 1837, ibẹ̀ ni ibojì rẹ̀ wà.

Ìlú tó tẹ̀ dó ṣì wà, ṣùgbọ́n àdéhùn àárín oko àti ẹran ti ń já. Lẹ́yìn tí wọ́n parí ìdídò Bakolori ní 1978, omi kò kún àkùrọ̀ ìsàlẹ̀ odò bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ sì pàdánù. Wọ́n ti ro ọ̀pọ̀ ọ̀nà ẹran di oko. Darandaran tí kò rí ọ̀nà gbà, inú irúgbìn ló máa gbà. Ibẹ̀ nìjà ti ń bẹ̀rẹ̀, títí dé ilẹ̀ tiwa níbí, ẹ̀mí sì ń lọ sí i. Nígbà tí a bá ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí nínú ìpàdé, ẹ jẹ́ ká rántí pé ìgbà kan wà tí ẹni tó ní oko ń fojú sọ́nà fún màlúù. Ìgbà tí ẹran máa wọlé àti ọ̀nà tó máa gbà jáde, tọ̀tún tòsì ló mọ̀ ọ́n.

Ó di oṣù tó ń bọ̀ o.