João Esan da Rocha: Ẹni Tí Wọ́n Tà, Tó Padà Wá Ta Omi fún Èkó

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí Èkó nínú wa, ẹ ó ti gbọ́ ọ rí: bí ẹnì kan bá ń náwó ní ìná àpà, wọ́n á bi í léèrè bóyá ó rò pé òun ni Da Rocha. Candido da Rocha ni wọ́n ń wí, èyí tí wọ́n ní ó máa ń kó aṣọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìlú Òyìnbó láti fọ̀. Bóyá òótọ́ ni, bóyá àsọdùn Èkó ni, èmi ò lè búra sí i. Ṣùgbọ́n Candido kọ́ ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Bàbá tó bí i ni. Owó tí ọmọ ná yẹn, ibì kan ló kúkú ti ṣẹ̀ wá.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni João Esan da Rocha. Ọmọdé ni nígbà tí wọ́n mú un lẹ́rú, tí wọ́n tà á sọdá òkun sí Bahia ní ilẹ̀ Brazil. Ibẹ̀ ló ti gba orúkọ Àgùdà tí a fi mọ̀ ọ́n, ibẹ̀ ló ti dàgbà, ibẹ̀ ló ti dòmìnira, ibẹ̀ náà ni wọ́n bí Candido sí ní ọdún 1860. Nígbà tí ìjọba Brazil máa fi dá gbogbo ẹrú sílẹ̀ ní 1888, João kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó ti kó ìyàwó àti ọmọ, ó ti padà sílẹ̀ yìí tipẹ́.

Ẹ ó béèrè pé kí ló dé tí kò lọ sí Iléṣà tààrà. Ṣé ẹ rántí Ogun Kírìjì tí wọ́n kọ́ wa nínú ìtàn? Láti 1877 títí di 1886 ni Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì fi ń bá Ìbàdàn fà á. Ta ló fẹ́ gba àárín ogun kọjá, kí wọ́n tún lọ mú un lẹ́ẹ̀kejì? Èkó ló jókòó sí, láàárín àwọn Àgùdà bíi tirẹ̀, àwọn bíríkìlà, káfíńtà àti télọ̀ tí wọ́n ń sọ èdè Potogí láàárín ara wọn. Ẹ wò ó dáadáa: ọmọ Yorùbá ni, ó padà sílẹ̀ Yorùbá, síbẹ̀ àlejò ni.

Kí wá ni àlejò yìí rí tà? Omi ni. Omi kẹ̀! Àbí omi kọ́ ló yí Èkó ká? Omi yí i ká lóòótọ́, ṣùgbọ́n iyọ̀ wà nínú omi ọ̀sà, kànga tí kò jìn kì í sì í mú omi tó dáa wá nínú iyanrìn erékùṣù. João kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí Kakawa, irú èyí tí ojú rẹ̀ ti mọ́ ní Bahia, ó ní kànga omi dídùn nínú ọgbà rẹ̀, ó sì ń ta omi rẹ̀ fún ará ìlú. Ojú mi ni mo fi rò ó, kò sí ọjà tó gbọ́n tó bẹ́ẹ̀: ẹni tó rà á lónìí á tún padà wá lọ́la. Kò pẹ́ tí wọ́n fi sọ ilé náà ní Water House, Ilé Omi. Orúkọ ọjà bo orúkọ ọlọ́jà mọ́lẹ̀.

Ní 1908 tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní kí ará Èkó máa san owó omi, ìlú gbaná jẹ, wọ́n fẹ̀hónú hàn. Ó di 1915 kí omi ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ti Ìjù wá. Ẹ ò rí i pé Kakawa ti ń tà á tipẹ́ kí ìjọba tó jí?

Candido ló jogún ilé náà. Ó ra ilẹ̀, ó yá ènìyàn lówó, ó ṣí ilé oúnjẹ, òun àti J. H. Doherty wà lára àwọn tó dá Lagos Native Bank sílẹ̀. Moses, àbúrò rẹ̀, lọ kọ́ṣẹ́ dókítà ní Edinburgh. Èyí tó wú mi lórí jù ni pé Iléṣà fi Candido joyè Lodifi. Ìlú tí wọ́n ti gbé bàbá lọ lẹ́rú ló pe ọmọ padà wá joyè. Candido kú ní 1959.

Bàbá ńkọ́? Ọ̀gbẹ́ni Antonio Olinto, ará Brazil tó ṣiṣẹ́ ìjọba wọn ní Èkó, kọ ìwé ìtàn àròsọ kan ní 1969, ó sọ ọ́ ní Ilé Omi ní èdè Potogí. Nínú ìwé ọ̀hún pàápàá, obìnrin ló gbẹ́ kànga! Ilé àwọn Àgùdà fúnra wọn kò sì ríbi sá sí. Ilọ́jọ̀ Bar ní Tinúbú, tí ìjọba ti kà sí ohun ìrántí láti 1956, wọ́n wó o palẹ̀ ní 2016, ó ku òkìtì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní Marina àti Broad Street, ẹ̀yìn ọ́fíìsì yín níbẹ̀ ni Kakawa wà. Nọ́ńbà 12 ni. Bí ẹ bá ń kó àwọn ọmọ yín kọjá, ẹ dárúkọ João fún wọn kí ẹ tó dárúkọ Candido.