Godai Tomoatsu

Godai Tomoatsu (12 oṣù Kejì ọdún 1836 – 25 oṣù Kẹsán-án ọdún 1885) jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ilẹ̀ Japan tí ó bójú tó òwò pẹ̀lú àwọn àjèjì ní ìlú Osaka, kí ó tó fi iṣẹ́ ọba sílẹ̀ ní ọdún 1869, tí ó sì di aṣíwájú àwọn oníṣòwò ìlú náà. Òun ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún Ìgbìmọ̀ Àwọn Oníṣòwò Osaka. Orúkọ rẹ̀ tún wọ inú ìtàn nítorí awuyewuye lórí títa dúkìá ìjọba ní Hokkaido ní ọdún 1881. Gẹ́gẹ́ bí àṣà Japan, Godai ni orúkọ ìdílé rẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀

Wọ́n bí i ní Kagoshima, olú ìlú agbègbè Satsuma ní ìhà gúúsù Japan, sínú ìdílé àwọn samurai. Onímọ̀ nínú ẹ̀kọ́ Confucius ni bàbá rẹ̀. Ní ọdún 1857, agbègbè rẹ̀ rán an lọ sí Nagasaki kí ó lọ kọ́ iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi lọ́dọ̀ àwọn ará Nẹ́dálándì. Ní ọdún 1862 ó dé Shanghai ní ilẹ̀ Ṣáínà, ó sì fi ojú ara rẹ̀ rí bí òwò àwọn ará Yúróòpù ti tóbi tó.

Nígbà tí àwọn ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọlu Kagoshima ní ọdún 1863, wọ́n gba ọkọ̀ mẹ́ta lọ́wọ́ Satsuma. Godai àti Terashima Munenori, ẹni tí ó di mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè lẹ́yìn náà, wà lára àwọn tí wọ́n mú nínú wọn. Wọ́n tú wọn sílẹ̀ ní Yokohama, ṣùgbọ́n ìtìjú ńlá ni ó jẹ́ fún samurai láti bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá láàyè. Nítorí náà ni ó ṣe fi ara pamọ́ fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó lè padà sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀.

Dípò kí ó máa gbèjà ara rẹ̀, àbá ni ó kọ. Nínú ìwé tí ó fi ránṣẹ́ sí àwọn aláṣẹ Satsuma ní ọdún 1864, ó ní kí wọ́n máa bá Shanghai ṣòwò, kí wọ́n ra ẹ̀rọ tí ń ṣe ṣúgà, kí wọ́n sì rán àwọn ọ̀dọ́ lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní òkè òkun. Wọ́n gba àbá náà. Ní ọdún 1865, àwọn ènìyàn 19 láti Satsuma, tí Godai jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, yọ́ kúrò nílùú lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú orúkọ tí kì í ṣe tiwọn, nítorí pé ìjọba Shogun kò fi àyè gba ẹnikẹ́ni láti lọ sí òkèèrè láìgba àṣẹ. Níbẹ̀ ni ó ti ra ẹ̀rọ ìrànwú lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ Platt Brothers ti Oldham. Ẹ̀rọ wọ̀nyí ni wọ́n fi dá ilé-iṣẹ́ ìrànwú Kagoshima sílẹ̀ ní ọdún 1867, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Japan.

Iṣẹ́ ìjọba

Lẹ́yìn tí ìjọba Shogun ṣubú ní ọdún 1868, ìjọba tuntun ti Meiji fi Godai sí ẹ̀ka ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ní Osaka, ìlú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún òwò àwọn àjèjì. Òun ni ó ń bójú tó ilé owó ibodè ní Kawaguchi. Iṣẹ́ náà kò rọrùn, nítorí pé àdéhùn tí Japan ṣe pẹ̀lú àwọn alágbára ilẹ̀ òkèèrè ní ọdún 1866 ti so owó ibodè mọ́ nǹkan bí ìdá 5 nínú 100. Japan kò lè dá a gbé sókè. Ó tún kópa nínú ríra ẹ̀rọ ìrọwó tí ìjọba Hong Kong kò lò mọ́, èyí tí Ilé Ìrọwó Osaka fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1871.

Ní ọdún 1869 ìjọba gbé e lọ sí Yokohama. Kò pẹ́ níbẹ̀ tí ó fi kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, tí ó sì padà sí Osaka.

Láàárín àwọn oníṣòwò

Osaka tí ó padà sí ti ń rẹ̀yìn. Ìjọba ti pa owó fàdákà tí ìlú náà fi ń ṣòwò rẹ́. Nígbà tí wọ́n sì pa àwọn agbègbè àtijọ́ run ní ọdún 1871, púpọ̀ nínú owó tí àwọn ọlọ́rọ̀ Osaka ti yá àwọn olórí agbègbè wọgbó. Godai dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní ọdún 1873 láti máa bójú tó ibi ìwakùsà, ó sì dá òmíràn sílẹ̀ ní ọdún 1876 láti máa ṣe aró ẹ̀lú, kí ó lè dojú kọ aró tí ń wá láti Íńdíà. Kò fi iṣẹ́ aró rí èrè.

Iṣẹ́ tí ó fi lọ́lá jù ni ti ọdún 1878. Ó wà lára àwọn tí ó dá ọjà ìpín ìdókòwò Osaka sílẹ̀, ó sì di ààrẹ Ìgbìmọ̀ Àwọn Oníṣòwò tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún kan náà. Ìdí tí ìgbìmọ̀ náà fi ṣe pàtàkì ni pé ìjọba ti tú àwọn ẹgbẹ́ oníṣòwò àtijọ́ ká, kò sì sí ohun tí ó rọ́pò wọn. Kò sí ẹni tí ó lè gba àwọn oníṣòwò tí kò pa àdéhùn mọ́ wí, bẹ́ẹ̀ ni ìjọba kò rí ẹni tí yóò gbẹnu sọ fún gbogbo oníṣòwò nígbà tí ó bá fẹ́ bá ilẹ̀ òkèèrè sọ̀rọ̀ lórí owó ibodè. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó ti jókòó sí Kawaguchi. Ní Tokyo, Shibusawa Eiichi, tí òun náà fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà.

Ọ̀ràn Hokkaido

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Ōkubo Toshimichi, alágbára jù nínú ìjọba, ni wọ́n pa ní oṣù Karùn-ún ọdún 1878. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, Kuroda Kiyotaka, ará Satsuma bí Godai, gbèrò láti ta dúkìá àjọ ìjọba tí ó ń darí ní Hokkaido. Ìjọba ti ná nǹkan bí mílíọ̀nù 14 yen níbẹ̀, ṣùgbọ́n iye tí wọ́n fẹ́ tà á kò tó 400,000 yen, tí wọn yóò sì fi ọgbọ̀n ọdún san láìsí èlé. Àwọn ìwé ìròyìn pariwo pé Godai ni wọ́n fẹ́ ta á fún. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1881 ìjọba fagi lé títà náà, ó yọ Ōkuma Shigenobu kúrò nípò, ó sì ṣèlérí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fún ọdún 1890.

Ọ̀rọ̀ náà ba Godai lórúkọ jẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Àwọn olùwádìí òde òní kan ti fi hàn pé ilé-iṣẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ àjọ náà fẹ́ dá sílẹ̀ ni ó béèrè fún púpọ̀ nínú dúkìá náà, àti pé ibi ìwakùsà èédú ní Iwanai àti igbó kan ni ilé-iṣẹ́ Godai béèrè fún. Èyí kò fi hàn pé ó yẹ kí ìjọba ta ohunkóhun ní irú iye bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án tóbi ju ohun tí ó ṣe lọ.

Ikú rẹ̀

Àtọ̀gbẹ pa á ní Tokyo ní ọdún 1885, ní ẹni ọdún 49, ó sì fi gbèsè sílẹ̀. Wọ́n sin ín sí ìtẹ́ òkú Abeno ní Osaka. Ilé-ẹ̀kọ́ ìṣòwò tí ó bá wọn dá sílẹ̀ ní ìlú náà ní ọdún 1880 wà lára àwọn tí ó para pọ̀ di Yunifásítì Osaka Metropolitan ní ọdún 2022. Ère rẹ̀ wà níwájú ilé Ìgbìmọ̀ Àwọn Oníṣòwò, òmíràn sì wà níwájú ọjà ìpín ìdókòwò.