I.K. Dáíró: Bàbá tó da omi síwájú fáwọn olórin jùjú

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ní ti olóògbé Isaiah Kẹ́hìndé Dáíró, kì í ṣe òun nìkan ló tẹ ilẹ̀ tútù náà. Ọ̀pọ̀ olórin ló gba ibẹ̀ kọjá, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló sì ti jó sí orin rẹ̀ láìmọ ẹni tó ni ín.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni Dáíró, àmọ́ ìlú Ọ̀fà ni wọ́n bí i sí, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń ṣe káfíńtà ní ilé-iṣẹ́ rélùwéè. Bàbá náà ló kan ìlù fún un nígbà tó wà ní kékeré. Ó gẹrun fún ènìyàn, ó ta aṣọ, ó sì bá Ojoge Daniel ṣeré n'Íbàdàn, kó tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀, Morning Star Orchestra, sílẹ̀ lọ́dún 1957. Nígbà tó yá, ó yí orúkọ ẹgbẹ́ náà padà sí Blue Spots.

Kí ni Dáíró wá ṣe tí a kò fi lè gbàgbé rẹ̀? Òun ló gbé accordion, dùùrù kékeré tí wọ́n máa ń gbé kọ́ àyà, wọ inú orin jùjú. Àwọn mìíràn ti lo gángan ṣáájú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fún ìlù náà láyè gidi láàárín orin, kí ó lè sọ̀rọ̀ dáadáa. Ó fi ohùn orin ìjọ Aládùúrà kún un, ó sì ń fi èdè Ìjẹ̀ṣà àti èdè ẹ̀yà mìíràn kọrin. Orin rẹ̀ Salome gbòde kan nígbà náà. Lọ́dún 1963, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún un ní oyè MBE.

Nígbà tí Sunny Ade dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn náà, Green Spots ló pè é. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ náà yóò mọ ẹni tó ń wò. Ebenezer Obey náà kọ orin ìwàásù àti ọpẹ́ sí Ọlọ́run nínú jùjú, ọ̀nà tí Dáíró ti là sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ayé yí. Nígbà tó di àwọn ọdún 1970, òkìkí àwọn ọmọ ẹ̀yìn wọ̀nyí bo ti ọ̀gá mọ́lẹ̀. Dáíró gbájú mọ́ iṣẹ́ ìjọ Ọlọ́run. Nígbà tó yá, ó padà sídìí orin, ó gbé àwo Ashiko jáde lọ́dún 1994, ó sì kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Washington nílùú Seattle, l'Amẹ́ríkà. Ọjọ́ keje, oṣù kejì, ọdún 1996 ló jáde láyé.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ikú rẹ̀ tí ọmọ rẹ̀, Paul Play Dairo, tún orin bàbá rẹ̀, Mo So Rire, kọ ní ohùn ìgbàlódé. Orin náà gba ìgboro, àwọn ọmọ tí wọn kò mọ Blue Spots rí sì ń kọ ọ́ bí ẹni pé àná ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́. Bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ọmọ tirẹ̀ ló jẹ́ kí orúkọ Dáíró má parẹ́.